Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì Tí Ìwà Ipá Bí

Nínú ìtàn àròsọ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, bí onílé kan ní Ìdímù bá bínú sí àwọn ayálégbé rẹ̀, òǹkọ̀wé lè sọ pé ó "read the riot act" fún wọn. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, mélòó nínú àwa tí ń lò ó ni ó mọ̀ pé òfin gidi ni, tí ikú sì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Oṣù kẹjọ ọdún 1715 ni òfin Riot Act bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Ọba George Kìíní wà lórí oyè. Bí ènìyàn méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kó ara wọn jọ láti da ìlú rú, aláṣẹ kan yóò ka ìkéde ọba sí wọn létí ketekete pé kí wọ́n túká. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní. Ẹni tí ó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà di ẹni ikú. Bí àwọn tí ń tú wọn ká bá sì pa á, òfin kò ní bi wọ́n. Ọdún 1967 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́ ní England.

Nítorí náà, ìhàlẹ̀ gbọdọ̀ wà nínú gbólóhùn yìí: ẹni tí ó ní àṣẹ ni í sọ ọ́, ìjìyà sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tí ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ rọ ọmọ rẹ̀ kò ka riot act kankan. Bẹ́ẹ̀ ni kò bójú mu láti fi í sí ẹnu ìjòyè Ọ̀yọ́ ayé Aláàfin Àjàgbó, nítorí a kò tí ì ṣe òfin náà nígbà yẹn. Ìjòyè yẹn yóò fà wọ́n létí ni. Àmọ́ bí a bá túmọ̀ ìyẹn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ará London yóò rò pé ó di etí wọn mú gan-an.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù, lójú tèmi, ni "a flash in the pan". Ìbọn tí ń fi òkúta ṣáná, irú ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, ni ó bí i. Ẹ̀tù díẹ̀ máa ń wà nínú àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Iná rẹ̀ ni yóò gba ihò wọlé lọ bá ẹ̀tù inú ìbọn. Nígbà mìíràn iná inú àwo á kàn bù yẹ̀rì, ìbọn kò ní dún, ẹran á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wa kan ń lò ó fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọrin tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kan ṣoṣo gba ìgboro, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, òun ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Kì í ṣe olè tí ó já báàgì gbà ní ibùdókọ̀ tí ó sì pòórá.