Okùn Tín-ín-rín àti Òjé: Ìtàn Kékeré Kan nípa Ìwọ̀ Jíjù

Iṣẹ́ oko ni a mọ̀ mọ́ àwọn ará Aguidi, ní agbègbè Sakété, kì í ṣe iṣẹ́ ẹja. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa mú ìwọ̀ lọ sí etí omi. Agolo tòmátì òfìfo ni wọ́n ń we okùn náílọ́nù mọ́. Wọn a so ìjẹ ẹ̀tàn tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ṣe mọ́ orí rẹ̀, wọn a sì jù ú. Ìjẹ náà kì í lọ jìnnà. Ìdí koríko etí omi ni ó ń bọ́ sí, níwọ̀n bí ó ti fúyẹ́ tí okùn sì nípọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi òjé kún un. Eyín ni wọ́n sì fi ń tẹ òjé náà mọ́ okùn.

Eyín yẹn ni ó mú wa kọ àròkọ yìí.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń yọ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Lára ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi í rọ níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí ń ri àwọ̀n apẹja sínú omi. Nígbà tí owó òjé gbówó lórí, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wa iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń jọ̀ ọ́ láti rí òjé tí ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú. Eruku tí ó wọ ilé, tí ó wọ ẹnu, ni ó pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1987 ni òfin ti de títa òjé ìwọ̀ kéékèèké. Nítorí àwọn ẹyẹ odò funfun ọlọ́rùn gígùn tí ń gbé e mì ni wọ́n sì ṣe ṣe é.

Ǹjẹ́ kò sí bí ìjẹ fífúyẹ́ ṣe lè lọ jìnnà láìsí òjé? Ìtàn okùn fi hàn pé ó wà.

Kí náílọ́nù tó dé, ohun tí ilẹ̀ bá fúnni ni a fi ń ṣe okùn ìwọ̀. Ní ìhà tiwa, òwú ni, tàbí ọ̀rán tí a bó lára imọ̀ ọ̀pẹ. (Nígbà tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè ní ọdún 1922, epo ni wọ́n ń wá, kì í ṣe okùn.) Ní Yúróòpù, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n ń lọ́ pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n lo sílíìkì, tí í ṣe ìbátan sányán wa. Okùn wọ̀nyí ń mu omi, wọ́n ń wúwo, wọ́n sì ń jẹrà bí a kò bá sá wọn gbẹ.

Ẹni tí ó tú kókó náà kì í ṣe apẹja lásán. Alfred Holden Illingworth jẹ́ oníṣẹ́ òwú irun àgùntàn ní Bradford. Nínú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òwú a máa yọ́ bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ tí ó dúró gbọn-in láìyí. Ní ọdún 1905, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìwọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwọ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìjẹ ní láti kọ́kọ́ fi agbára tirẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ kí okùn tó lè tú, èyí tí ìjẹ fífúyẹ́ kò lè ṣe. Ní báyìí, okùn sílíìkì tín-ín-rín ń bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wo agolo tòmátì àwọn ọmọ wa: okùn ń ti ẹnu rẹ̀ bọ́, agolo kò yí. Ohun tí Illingworth gba ìwé àṣẹ lé lórí ni wọ́n di mọ́wọ́, láìmọ orúkọ rẹ̀.

Okùn nìkan ni ó kù. Ní oṣù kejì ọdún 1935, Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ DuPont, ní Amẹ́ríkà, ṣe náílọ́nù. Carothers kú ní 1937. Ọdún 1938 ni ayé gbọ́ nípa ohun tí ó ṣe. Kò pẹ́ tí okùn ìwọ̀ fi wà lára ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ogun gba náílọ́nù lọ fún ìgbà díẹ̀, fún agbòòrùn tí àwọn ọmọ ogun fi ń bọ́ láti òfuurufú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun ó gba ọjà gbogbo, títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Níbi ọjà gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn tí ó nípọn ni àwọn ọmọ ń rà, wọ́n ní òun ni kì í já. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí okùn méjì bá gùn bákan náà, tí ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0,40 tí èkejì sì jẹ́ 0,20, ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì. Ìjẹ ìyẹ́ adìyẹ ni yóò fa gbogbo ìwọ̀n yẹn tẹ̀lé ara rẹ̀. Okùn nínípọn tún le, ó ń ká bí ó ti wà lára agolo, gbogbo ìká rẹ̀ sì ń ha ẹnu agolo bí ó ti ń jáde. Okùn 0,20 lè gbé nǹkan bíi kílò mẹ́ta kí ó tó já. Epíya wo ni ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní etí omi tiwa?

Okùn mìíràn wà nísinsìnyí, èyí tí a di bí irun orí, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní tresse. Ọ̀rán rẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ tí Paul Smith àti Piet Lemstra ṣe ní ilé iṣẹ́ DSM ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní òpin àwọn ọdún 1970. Ó tín-ín-rín ju náílọ́nù tí agbára wọn dọ́gba lọ dáadáa, ó rọ̀, kì í sì í ká. Òun ni à bá yàn fún ẹni tí ó ní ọ̀pá àti ẹ̀rọ. Fún ọmọ tí ń fi ọwọ́ lásán ju agolo, a kò gbà á nímọ̀ràn: kì í nà, ó sì ń gé ìka bí abẹ.

A fi agolo kan náà àti ìjẹ kan náà dán an wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, okùn nìkan ni a pààrọ̀. Ìjẹ tí ó ń bọ́ sí ìdí koríko rékọjá koríko, ó bọ́ sí ibi tí omi ti mọ́. Wọ́n tú òjé sílẹ̀ fúnra wọn. Okùn tí a rà náà, inú ilé ìtajà ni a ti mú un, kì í ṣe èyí tí a so síta, nítorí oòrùn ń sọ náílọ́nù di aláìlágbára. A wé e dé ìtòsí ẹnu agolo, kí ó má baà ní ògiri láti gùn kí ó tó jáde. A sì fi omi rin kókó rẹ̀ kí a tó fà á le, torí pé bí a bá fà á ní gbígbẹ, ibẹ̀ ni yóò ti já.