Èéfín inú wisikí Islay

Igi kò pọ̀ ní erékùṣù Islay, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Scotland. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì kì í jẹ́ kí wọ́n ga. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, omi sì máa ń dá rọ́gọ́dọ́ sórí rẹ̀. Koríko tó bá kú sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà tán. Ńṣe ló máa ń tò léra fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí tí yóò fi di ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní píìtì. Ẹrẹ̀ yìí ni àwọn ará Islay fi ń dáná látijọ́. Wọn á gé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí ẹní gé bíríkì, wọn á sá a títí yóò fi gbẹ, wọn á sì kó o wálé. Òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń yáná nígbà òtútù, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbẹ ọkà tí wọ́n fẹ́ fi pọntí.

Ibẹ̀ ni òórùn èéfín tí àwọn olólùfẹ́ wisikí ń ná owó ńlá lé lórí lónìí ti wá. Kò sí ẹni tó jókòó gbìmọ̀ pé kí ọtí máa rùn bí iná. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò.

Ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe wisikí tí wọ́n ń pè ní single malt, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Wọn á rẹ ọkà náà sómi fún bí ọjọ́ méjì, wọn á tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, wọn á máa fi ṣọ́bìrì yí i títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bí ó bá hù jù, ṣúgà tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ yóò ṣòfò. Nítorí náà, wọn á kó o sórí àjà tó ní ihò wínníwínní, wọn á dáná sábẹ̀ rẹ̀ kó lè gbẹ. Nígbà tí èèpo ọkà ṣì tutù ni èéfín píìtì ń lẹ̀ mọ́ ọn jù. Àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní fẹ́nọ́ọ̀lì ló wà nínú èéfín náà. Òmíràn nínú wọn ló ń mú òórùn igi jíjó wá. Òmíràn, tó ń jẹ́ cresol, ló ń mú òórùn oògùn wá, ẹni tó bá sì mọ òórùn Izal nínú ọsibítù yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ nínú ife Laphroaig, ọ̀kan nínú wisikí Islay.

Wọ́n máa ń wọn èròjà yìí nínú ọkà, iye ìdá nínú mílíọ̀nù kan. Nínú àwọn ilé ìpọntí Islay, ti Bowmore tó nǹkan bí 25, ti Lagavulin tó 35, ti Laphroaig lé ní 40, ti Ardbeg sì tó 55. Ṣùgbọ́n ọkà ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ọtí inú ìgò. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò ti bá sísè àti ọdún inú àgbá lọ. Òfin sọ pé ọtí náà gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá igi óákù kí wọ́n tó lè pè é ní wisikí Scotland.

Iṣẹ́ ọtí sísè ti pẹ́ ní Scotland. Lọ́dún 1494, ìwé ìṣirò owó ìjọba Ọba James Kẹrin sọ nípa ọkà tí wọ́n gbé fún ẹni ìsìn kan tó ń jẹ́ John Cor kó fi ṣe ọtí líle. Lẹ́yìn náà ni owó orí dé, bí ó sì ṣe ń wúwo sí i ni àwọn èèyàn ń sá wọnú ihò àpáta àti abúlé ìkọ̀kọ̀ lọ máa sè é. Òfin ọdún 1823 ló yí ọ̀rọ̀ padà: ó dín owó orí kù, ó sì fi ìwé àṣẹ sí £10 lọ́dún. Bowmore ti wà láti 1779. Ardbeg àti Laphroaig bẹ̀rẹ̀ ní 1815, Lagavulin ní 1816, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní etíkun gúúsù kan náà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Èéfín kì í ṣe ti Islay nìkan láyé ìgbà náà. Píìtì ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí orí ilẹ̀ gbalasa Scotland náà ń dá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1863, ọkọ̀ ojú irin dé agbègbè Spey, ó ń kó èédú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín bọ̀, ọtí ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ lẹ́nu. Reluwé kò dé Islay. Erékùṣù náà wà lẹ́yìn, adùn rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àsìkò kan náà ni àwọn oníṣòwò ń po ọtí púpọ̀ pọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ti Islay ni wọ́n ń fi sí i kí àpòpọ̀ náà lè lágbára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mu Islay bẹ́ẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ìjà Peter Mackie fi hàn bí adùn yìí ṣe ṣòroó jí. Òun ló ni Lagavulin, òun ló sì ń bá Laphroaig ta ọjà. Nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1907, inú bí i, ó sé omi Laphroaig. Ilé ẹjọ́ ló ní kó ṣí i. Ní 1908, ó kọ́ ilé ìpọntí kékeré kan, Malt Mill, sínú ọgbà Lagavulin, ó ṣe ìkòkò rẹ̀ bí ti Laphroaig, ó sì gba òṣìṣẹ́ Laphroaig. Ọtí tó jáde kò jọ ti aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀ Malt Mill ń ṣiṣẹ́ títí di 1962.

Bessie Williamson yẹ fún ọlá tó ju èyí tí ìtàn ń fún un lọ. Ó wá sí Laphroaig láti Glasgow ní 1934 fún iṣẹ́ akọ̀wé onígbà díẹ̀. Kò padà sílé. Ìwà àti òye rẹ̀ mú kí Ian Hunter, tó ni ilé ìpọntí náà, fi í sí ipò alábòójútó, nígbà tó sì kú ní 1954, ó fi Laphroaig sílẹ̀ fún un. Obìnrin tó ń darí ilé ìpọntí wisikí ṣọ̀wọ́n gidi láyé ìgbà náà. Ó lọ sí Amẹ́ríkà lọ polówó ọtí Scotland, ó sì ń sọ fún wọn pé ti Islay tó láti dá mu láìpò mọ́ òmíràn.

Ọjà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí wisikí tó wà nínú àgbá ti pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Ardbeg tilẹ̀kùn ní 1981, Port Ellen, ilé ìpọntí Islay mìíràn, ní 1983. Ìlú kékeré ni ìlú tó bá gbẹ́kẹ̀ lé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ààrò bá kú, ọ̀dọ́ á wọkọ̀ ojú omi lọ. Ní 1988 ni ẹni tó ni Lagavulin kó o mọ́ ọtí mẹ́fà tó fẹ́ fi han ayé bí àwo adùn Scotland, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ pàdé èéfín náà ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ wisikí Glenmorangie ra Ardbeg ní 1997, ó sì tún un gbé dìde. Kilchoman, ilé ìpọntí Islay tó ń gbin báálì lóko tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Port Ellen tún ṣí ní 2024.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ọtí yìí bèèrè tagbáratagbára. Píìtì ń ga sókè ní nǹkan bíi mílímítà kan péré lọ́dún, ó sì ń di kábọ́nì mú sínú ilẹ̀, kì í jẹ́ kó bọ́ sí ojú sánmà. Mítà kan tí wọ́n bá gé ti gba bí ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó di mítà kan. Píìtì tí wọ́n ń gé fún ọgbà òdòdó ju ti àwọn apọntí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá àwọn apọntí sílẹ̀. Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà láti fi píìtì díẹ̀ rú èéfín púpọ̀, nípa títú u sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó jó o, kí èéfín rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọkà nígbà tí ọkà náà bá tutù jù.