Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ẹ̀ka NCNC ní Ìbàdàn ni Mábọlájẹ́. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Àdéhùn ni ó so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀. Inú agbo ilé Ìbàdàn ni Mábọlájẹ́ ta gbòǹgbò sí.

Ní ìbò 1951, ẹgbẹ́ Ibadan Peoples Party ni ó gba àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Ìbàdàn ní ní Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí A. M. A. Akinlóyè, olórí wọn, àti àwọn mìíràn yà sọ́dọ̀ Action Group, Adégòkè Adélabú kò bá wọn lọ. Ó lọ da ọwọ́ pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Máyégún, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tí inú ń bí nítorí pé ìjọba ń gé igi kòkó wọn tí àrùn mú. Ibẹ̀ ni Mábọlájẹ́ ti jáde.

Ẹ wo orúkọ náà: ẹ má ba ọlá jẹ́. Ọlá ta ni? Ti àwọn ìjòyè àti mọ́gàjí ni, tí agbára wọn ń dínkù lójú wọn, pàápàá lẹ́yìn tí a yọ àwọn ìlú Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Nítorí náà, mọ́gàjí kan tó ẹ̀ka ẹgbẹ́ kan. Bí ó bá ti gbà, agbo ilé rẹ̀ gbà. Adélabú sì mọ èdè wọn í sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni ó bí ‘pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì’ tí gbogbo ìlú ń pè é.

Ní 1954, wọ́n gba ìgbìmọ̀ ìlú, ó di alága. Ní 1955, ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Ìwádìí Nicholson lórí ìgbìmọ̀ náà mú kí ó fi ipò sílẹ̀ ní 1956. Síbẹ̀ Ìbàdàn kò kọ̀ ọ́: ọdún yẹn kan náà ni ó di olórí àwọn alátakò ní Ilé Aṣòfin.

Ní 25 Oṣù Kẹta 1958, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Òde Rẹ́mọ. Ìlú gbiná, ẹ̀mí ṣòfò. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ ni àléébù ẹgbẹ́ náà ti hàn: ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo agbo ilé fi ọkàn tán, kò sì sí ẹlòmíràn tí gbogbo wọn lè jọ gbà. Àwọn aṣáájú tó kù pínyà lórí bóyá kí wọ́n dúró ti NCNC. Orúkọ Mábọlájẹ́ ṣì gba àga 6 ní ìbò àpapọ̀ 1959, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká Ìbàdàn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní Oṣù Karùn-ún 1966, ìjọba ológun fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, tòun náà sì parí síbẹ̀.