Ta Ni Ó Ń Béèrè? Ìtàn Ìjákulẹ̀ Ìwọlé Aṣàmúlò nínú Windows 2000 àti Windows XP

Nígbà tí aṣàmúlò kò bá rí kọ̀ǹpútà wọ̀, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn Windows kò fi gbogbo ara gbe èyí lẹ́yìn. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé ètò tí ó ń béèrè ni Windows kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kí ó tó wo ẹni tí a ń béèrè nípa rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ ìpamọ́, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí páásíwọ́ọ̀dù, ti wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní MIT, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò CTSS, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni wọ́n fi ya fáìlì ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn. Ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, mú kí ẹ̀rọ náà tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpamọ́ jáde sórí ìwé, kí ó lè rí àkókò púpọ̀ sí i lò. Abájọ tí àwọn ètò tí ó dé lẹ́yìn fi le!

Nígbà tí Microsoft gbé ìdílé Windows NT jáde láti 1993, apá kan nínú Windows fúnra rẹ̀ ni wọ́n yàn ṣe oníbodè. Ètò tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣàmúlò ni ẹni tí ó pe ara rẹ̀ yóò pe iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LogonUser. Yóò fi orúkọ aṣàmúlò, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àti irú ìwọlé tí ó ń fẹ́ ránṣẹ́. Bí ó bá yege, yóò gba àmì ìdánimọ̀. Bí kò bá yege, òdo ni yóò gbà, kò sì ní í mọ ìdí rẹ̀ àfi bí ó bá tètè bi GetLastError léèrè.

Nínú Windows 2000, ètò tí ó ń pe LogonUser gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bí ẹni pé òun gan-an jẹ́ apá kan Windows. Kódà, ètò tí alábòójútó kọ̀ǹpútà bá ṣí kì í ní ẹ̀tọ́ yìí àyàfi bí a bá fún un. Nọ́ńbà 1314 ni yóò rí: kò ní ẹ̀tọ́. Orúkọ lè pé, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ lè pé. A kò tilẹ̀ tíì yẹ̀ wọ́n wò. Ibí ni ewu ti wọlé. Kí 1314 lè lọ, àwọn kan fún àkáǹtì lásán ní ẹ̀tọ́ ńlá yìí. Ní tiwa, ó dà bí ìgbà tí a kó kọ́kọ́rọ́ ààfin fún ẹni tí ó wá jíṣẹ́ nítorí pé ilẹ̀kùn kò tètè ṣí. Ẹni tí ó bá rí irú ètò bẹ́ẹ̀ gbà ti gba gbogbo kọ̀ǹpútà náà. Microsoft tọ́ka sí ọ̀nà mìíràn, SSPI, tí kò béèrè irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Windows XP dé ní 2001, ó mú òfin náà kúrò fún àwọn àkáǹtì Windows.

Ìjákulẹ̀ kò tán síbẹ̀. XP kan náà pàṣẹ pé àkáǹtì orí kọ̀ǹpútà tí kò ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò gbọdọ̀ wọlé àyàfi bí aṣàmúlò bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà gan-an. Ètò tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò rí 1327. Bí a kò bá fún àkáǹtì láyè irú ìwọlé tí ètò béèrè, 1385 ni. Àwọn tí ó ń fi C# kọ ètò, láti ìgbà tí .NET ti jáde ní 2002, ní wàhálà tiwọn: bí wọn kò bá kọ SetLastError = true níbi tí wọ́n ti dárúkọ LogonUser, nọ́ńbà tí wọ́n bá kà lè jẹ́ ti ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá.

Ní ti 1326, ó ń sọ pé orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò tọ̀nà. Kì í sọ èyí tí ó jẹ́. Àìsọ yìí wúlò, nítorí bí oníbodè bá jẹ́wọ́ pé orúkọ náà wà, ó ti la ìdajì ọ̀nà fún olè. Láti ìgbà Windows Vista, bí a bá ti ní kí Windows máa kọ ìjákulẹ̀ sílẹ̀, ìyàtọ̀ náà máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ ààbò lábẹ́ nọ́ńbà 4625: 0xC0000064 fún orúkọ tí kò sí, 0xC000006A fún ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí kò tọ̀nà. Alábòójútó ni ó lè ṣí àkọsílẹ̀ yìí kà; ètò tí ó béèrè kò ní í gbọ́ ju 1326 lọ.