Átọ́ọ̀mù Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Dín

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ní Pierrelatte ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, òṣìṣẹ́ láàbù kan tó ń jẹ́ Bouzigues rí nọ́ńbà kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. 0.7171 ni ẹ̀rọ kà. 0.7202 ló yẹ kó kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún nọ́ńbà méjèèjì yẹn wò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gé wọn kù sí nọ́ńbà méjì péré lẹ́yìn ojú àmì, 0.72 ni àkọ́kọ́, 0.72 náà ni ìkejì. Ẹni tó bá ń kánjú lọ sílé ì bá kàn kọ 0.72 sínú ìwé, kó sì ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni, bóyá títí dòní a ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ti dá iná núkílíà fúnra rẹ̀ rí, nígbà tí kò tíì sí igi, ẹranko tàbí èèyàn kankan láyé.

Níbi púpọ̀ tí mo ti ka ìtàn yìí, ibi ìyanu inú ilẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ. Wọ́n á fi gbólóhùn kan dárúkọ láàbù, wọ́n á sì kọjá. Lójú tèmi, inú láàbù gan-an ni ìtàn náà wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Uranium tí wọ́n ń wà nílẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. U-238 ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. U-235, tó fúyẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, kò pọ̀ rárá, àmọ́ òun ni àwọn tó ń ṣe iná mànàmáná àti àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù ń wá kiri. Tí neutron bá kọ lù ú, á là sí méjì, á sì tú neutron mìíràn sílẹ̀ tó máa lọ kọ lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú mílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù uranium, bíi 7,202 ló máa ń jẹ́ U-235. Ibi yòówù kí wọ́n ti wà á, ì báà jẹ́ Kánádà, ì báà jẹ́ Kóńgò, iye yẹn náà ni. Kódà òkúta tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó bọ̀ láti orí òṣùpá kò yàtọ̀. Nínú ẹrù tó dé Pierrelatte lọ́dún yẹn, 7,171 ni wọ́n rí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dín nínú mílíọ̀nù kan.

Ìyá tó ń ta gàárì á fi jùyẹn lọ ṣe èènì fún yín, kò sì ní mọ̀ pé òun fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àmọ́ Pierrelatte kì í ṣe ọjà gàárì. Ibẹ̀ ni ìjọba Faransé ti ń ya U-235 sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, títí kan èyí tí àwọn ológun wọn fẹ́ fi ṣe bọ́ǹbù. Níbi irú iṣẹ́ yìí, tí nǹkan bá dín, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá. Ohun tó máa bèèrè ni pé ta ló mú un, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Nígbà tí wọ́n máa fi ṣírò gbogbo ẹrù tó ti wá láti ibì kan náà, U-235 tó dín ti tó nǹkan bíi 200 kìlógíráàmù. Ìyẹn á tó bọ́ǹbù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí irú láàbù bẹ́ẹ̀ fi ní àwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fura: sí iṣẹ́ ẹlòmíràn, sí iṣẹ́ ara wọn, àti sí ẹ̀rọ pàápàá. Mass spectrometer ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Ó máa ń fi agbára òòfà ya átọ́ọ̀mù tó wúwo kúrò lára èyí tó fúyẹ́. Bí gbogbo ẹ̀rọ, ó lè ṣe àṣìṣe. Bíńtín ohun tí wọ́n wọ̀n lánàá lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ kó ba tòní jẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó wọn ohun tí wọn ò mọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wọn ohun tí wọ́n mọ̀, ìyẹn uranium kan tí wọ́n tọ́jú sọ́tọ̀, tí iye U-235 inú rẹ̀ ti dájú. Tí ẹ̀rọ bá ka ìyẹn bó ṣe yẹ, wọ́n á wọn ti àjèjì, wọ́n á sì tún padà sórí èyí tí wọ́n mọ̀. Bí ìyá oníṣòwò tó ní kọ́ńgò tirẹ̀ nílé ni, tó fi ń yẹ kọ́ńgò gbogbo ẹni tó bá wá tajà fún un wò, torí ó mọ̀ pé àwọn kan máa ń lu ìdí kọ́ńgò wọnú. Wọ́n á tún un wọ̀n. Wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn láì sọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ rí fún un. Wọ́n á wá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ tó máa ń súni ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ṣe fíìmù.

Bí wọ́n ṣe ń tún ti Pierrelatte yẹn wọ̀n, kò kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà wá ju èje lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé bóyá uranium tí wọ́n ti yọ U-235 lára rẹ̀ ló dà pọ̀ mọ́ ọn níbì kan, tàbí èyí tí ríákítọ̀ ti lò. Ó ṣe tán, ilé iṣẹ́ tó ń yọ U-235 ni wọ́n, irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n nílẹ̀. Àmọ́ uranium tó bá ti wọ ríákítọ̀ rí máa ń ní àmì lára bí ilà ojú. Orúkọ àmì náà ni U-236. Èyí tó ń ti inú ilẹ̀ wá kì í ní in ní ìwọ̀n tó ṣeé rí. Wọ́n wá a, wọn ò rí i. (Irú ilà báyìí ni láàbù àjọ IAEA ní Seibersdorf, lẹ́bàá Vienna, ṣì ń wá dòní lára aṣọ òwú kékeré tí àwọn olùbẹ̀wò fi ń nu ara ògiri àti tábìlì nílé iṣẹ́ núkílíà káàkiri ayé. Ìjọba lè purọ́. Eruku ò mọ irọ́ pa.)

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ ẹrù náà padà sẹ́yìn. Wọ́n kúrò lórí gáàsì tó dé Pierrelatte, wọ́n lọ sídìí ohun tí wọ́n fi ṣe gáàsì náà, wọ́n ń bá a bọ̀ títí wọ́n fi dé Mounana, ibi ìwakùsà kan lágbègbè Franceville lórílẹ̀-èdè Gabon. Ìwé àkọsílẹ̀ àti ẹ̀yà tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ibi tí mo ti máa ń bọ̀wọ̀ fún àwọn èèyàn yìí jù nìyẹn. Ká ní ẹnì kan ti ju ìgò kan nù, tàbí kò kọ ọjọ́ sára rẹ̀, ọ̀nà ì bá ti dí. Gbogbo ibi tí wọ́n yà sí, àléébù náà ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Oklo, níbi tí òkúta náà ti jáde, wọ́n rí ibì kan tí U-235 kò ju 0.44 lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Àṣé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni olè.

Neodymium ló wá jẹ́rìí. Èyí tó wà káàkiri ayé máa ń ní oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Nd-142, ó sì máa ń tó ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Oklo kò tó ìdá 6. Ìdí ni pé tí U-235 bá là, á bí neodymium lóríṣiríṣi, àmọ́ kì í bí Nd-142. Bí neodymium inú ríákítọ̀ ṣe máa ń rí ni ti Oklo rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, àjọ átọ́ọ̀mù ilẹ̀ Faransé kéde rẹ̀: ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, iná núkílíà ti jó nínú ilẹ̀ Gabon láìsí ẹni tó dá a.

Ẹnì kan wà tí ẹnu kò yà púpọ̀. Paul Kuroda, ọmọ Jàpáànù tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Arkansas, ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1956 pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. U-235 máa ń yára jẹrà ju U-238 lọ, nítorí náà bí a bá ṣe ń padà sẹ́yìn sí ayé àtijọ́ ni á máa pọ̀ sí i. Nígbà ayé Oklo, ó ti tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó sún mọ́ iye tí ọ̀pọ̀ ríákítọ̀ òde òní ń lò. Omi tó ń ṣàn wọnú òkúta ló ń dín eré neutron kù kó lè ráyè la átọ́ọ̀mù. Tí iná bá ti mú, omi á hó, á gbẹ, iná á kú. Tí ilẹ̀ bá tutù, omi á tún wọlé. Lọ́dún 2004, Alex Meshik àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gáàsì xenon tó há sínú òkúta náà ṣírò rẹ̀: iná á jó fún bí ìṣẹ́jú 30, á sinmi fún wákàtí méjì àtààbọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún. Agbára rẹ̀ kò pọ̀ o. Kò tó 100 kílówáàtì, jẹnẹrétọ̀ ilé ìtura kan lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ó mọ ara rẹ̀ í pa.

Àwọn onímọ̀ pé jọ sí Libreville lọ́dún 1975 láti jíròrò rẹ̀. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé púpọ̀ nínú ìdọ̀tí iná yẹn, títí kan plutonium tó ti di nǹkan mìíràn tipẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n bí i sí. Àwọn tó ń wá ibi tí wọn á sin ìdọ̀tí ríákítọ̀ òde òní sí ṣì ń tọ́ka sí Oklo títí dòní.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú ìtàn yìí. Lọ́jọ́ tí 0.7171 jáde ní Pierrelatte, ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń wa Oklo. Ohun tó dé láàbù yẹn ni ríákítọ̀ àtijọ́ náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ti sọ di gáàsì. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n tún ń wa ilẹ̀ náà lọ. Ibi bíi mẹ́rìndínlógún ni wọ́n rí ní àgbègbè yẹn tí iná ti jó, wọ́n sì wa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tán kí ilé iṣẹ́ ìwakùsà Mounana tó kógbá sílé lọ́dún 1999. Ọ̀kan ṣẹ́kù ní Bangombé, kò jìn sílẹ̀ púpọ̀, omi òjò sì ti ń dé ibẹ̀.