Ẹ̀gbá àti Yorùbá: Orúkọ Nínú Orúkọ

Ẹni tí ó bá ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta yóò kan Abúlé Ẹ̀gbá. Orí ilẹ̀ Àwórì ni àdúgbò náà wà, ní Alímọ̀ṣọ́, síbẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀gbá wo ni, báwo ni ó sì ṣe tan mọ́ Yorùbá?

Ìtumọ̀ Ẹ̀gbá ju ẹyọ kan lọ. Kí ogun àwọn ọdún 1820 tó tú wọn ká, ìlú inú igbó ni Ẹ̀gbá, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín sí: Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùúrá. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1834, àwọn Òwu bá wọn níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń pe gbogbo ará Abẹ́òkúta ní Ẹ̀gbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ Òwu ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbá tún jẹ́ orúkọ ẹ̀ka èdè.

Yorùbá náà kò fẹ̀ tó báyìí nígbà kan. Àwọn Ọ̀yọ́ ni ó ń tọ́ka sí. Ní 1843, Samuel Àjàyí Crowther fi orúkọ náà pe èdè nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ jáde. Síbẹ̀, nígbà tí Henry Townsend dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó sọ ọ́ ní Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá.

Ẹ wo “àti” yẹn dáadáa. Bí ẹnìkan bá ní òun ra ewúrẹ́ àti ẹran ọ̀sìn, a ó rẹ́rìn-ín, nítorí ewúrẹ́ ti wà nínú ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni orúkọ méjèèjì wà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni Yorùbá fẹ̀ tí ó sì gba Ẹ̀gbá mọ́ra.

Àwọn kan ń fi èyí jiyàn pé Ẹ̀gbá kì í ṣe Yorùbá. N kò gbà. Èdè kan náà ni ìwé ìròyìn yẹn fi bá tọ̀tún-tòsì sọ̀rọ̀. Orúkọ ni ó pẹ́ kó tó kárí. Ìbátan ti wà ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí “Yorùbá” nínú ìwé àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí a kọ ọ́.