Òtútù Tí Ń Rin Ìrìn-àjò: Fíríìjì, Àpótí Yìnyín àti Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Àpáta ni mo ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Abẹ́òkúta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń rí àwọn ọkọ̀ agbépo tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ nítòsí ibùdó epo NNPC. Kẹrosíìnì wà lára ẹrù wọn, epo tí a fi ń tan àtùpà, tí a sì tún fi ń ṣe òtútù ní ìletò tí iná mànàmáná kò dé.

Ní 1922 ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ilẹ̀ Swídìn, von Platen àti Munters, hùmọ̀ fíríìjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Iná kékeré ni yóò máa mú omi tí amóníà wà nínú rẹ̀ gbóná. Amóníà yóò gòkè bí oru, yóò tutù, yóò di olómi. Nígbà tó bá sì tún ń di oru nínú fíríìjì, yóò fa ooru ibẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ní èèwọ̀ tirẹ̀. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ló gbọ́dọ̀ dúró sí, òwú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rú èéfín. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tí ń fò lórí gegele, kò ní lè tutù bó ti yẹ.

Ìṣòro yìí ló dojú kọ àwọn tó gbógun ti ìgbóná àti èèyi ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà láti 1967. Ti ìgbóná rọrùn díẹ̀, nítorí Leslie Collier ti wá ọ̀nà ní àwọn ọdún 1950 láti gbẹ oògùn rẹ̀ kí ooru má tètè bà á jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ti èèyi ló le. Bí a bá ti pò ó mọ́ omi, wákàtí díẹ̀ ló kù fún un, inú òtútù náà ló sì gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà fíríìjì dúró sílé. Àpótí onígbá nínípọn tí a to yìnyín sí ló bá ọkọ̀ lọ. Lérò tèmi, àpótí aláìlẹ́ńjìnnì yìí ni àwa òpìtàn gbàgbé.

Ooru nìkan kọ́ sì ni ọ̀tá. Ní 1984, mo bá ọkọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan lọ sí oko. Ẹni tó di àpótí náà ti kó yìnyín líle gbagidi ti ìgò oògùn tẹ́tánọ́ọ̀sì. Nígbà tí a ṣí i, inú awakọ̀ dùn: "Síítà, ó mà tutù dáadáa o!" Síítà kò dáhùn. Ó mú ìgò kan tó ti dì tó sì ti yọ́, ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀, ó ń wò ó. Kò pẹ́ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun fi silẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni oògùn náà ń fẹ́. Bó bá ti dì, agbára rẹ̀ ti lọ. Àwọn aboyún tó ti fẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ kùtùkùtù ń bẹ níwájú wa. Síítà ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Gbogbo wọn kọ́ ló padà wá.

Lónìí, fíríìjì kékeré tí ń lo bátìrì ọkọ̀ ti wà, ó sì lè tutù lórí gegele. Ẹni tó bá fẹ́ rà á a máa kọ́kọ́ bèèrè bó ti tóbi tó. Wákàtí tí ọkọ̀ yóò fi dúró láìtan ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó bèèrè, nítorí fíríìjì a máa fa bátìrì títí ọkọ̀ kò fi ní ṣíná mọ́. Bátìrì kejì kì í ṣe àṣejù.

Ní oṣù Kọkànlá 2012, ní Banikoara ní àríwá ilẹ̀ Benin, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àrùn ọrùn-gbígbẹ jáde láìsí yìnyín rárá. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó lè fara da ooru 40 Celsius fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ju 150,000 ènìyàn lọ tó gbà á, àwọn tó gbé e lọ kò sì ru yìnyín kankan.